Ṣé kí n ra laptop tuntun fún àbúrò mi tó ń kọ́ kóòdù, àbí kí n mú owó mi dání?

Aládìrẹ Ìtòkú: Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Adátán ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Kò sí nǹkan míì lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé nírọ̀lẹ́, tí aró ṣì wà ní èékánná mi, abọ́ tó fi jẹun láàárọ̀ ṣì máa wà nílẹ̀. Á ti tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà ní kọ̀rọ̀ yàrá, á máa dá sọ̀rọ̀. Dátà tí mo bá rà lọ́jọ́ Ajé kì í rí Ọjọ́bọ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, èmi ni màá ra epo sí jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta epo báyìí. Onílé wa ti pè mí nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ lóru.

Èyí tó dùn mí jù ni pé laptop tòkunbọ̀ tí mo rà fún un kò tíì pẹ́ rárá, ó ti ní kò dára mọ́. Ó ní ó ń falẹ̀, pé òun á tẹ nǹkan, òun á lọ wẹ̀, òun á padà wá bá a níbi tó wà. Tuntun lòun fẹ́. Ó fi iye rẹ̀ hàn mí: ₦450,000! Èmi tí àwọn oníbàárà ń rajà láwìn lọ́wọ́ mi tí wọn kì í fẹ́ san! Owó kan wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ ọkàn mi ń ṣe méjì. Ṣé kí n rà á?

Ọmọ Ẹ̀gbá Gidi: Ẹ rà á fún un, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ tó lówó lórí báyìí nìyẹn. Ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín lọ́la.

Ìyá Ìbejì Lafẹ́nwá: Ẹ fara balẹ̀ o. Ọmọkùnrin tí kì í sùn lóru, tí dátà kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó dá yín lójú pé kóòdù ló ń kọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ní kọ̀ǹpútà lòun ń kọ́. Ọjọ́ tí àwọn agbófinró wá gbé e la mọ̀ pé yàhúù ni. Ìyá rẹ̀ kò tíì bọ́ nínú ìtìjú náà dòní. Ẹ yẹ ọwọ́ ọmọ yín wò dáadáa kí ẹ tó náwó.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, Àsẹ̀rò: Aládìrẹ, RAM laptop náà, ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, jẹ́ mélòó? Ibi tó ń kó fáìlì pa mọ́ sí ńkọ́, hard disk ni àbí SSD? Kí gan-an ni ọmọ náà ń kọ́? Bí a kò bá mọ ìwọ̀nyí, kò sí ẹni tó lè sọ pé kí ẹ rà tàbí kí ẹ má rà.

Aládìrẹ Ìtòkú: Ìyá Ìbejì, ẹ má fi ọmọ ẹlòmíì wé tiwa. Àbúrò mi kì í ṣe ọmọ yàhúù. Òun ló fi kóòdù ṣe ìwé gbèsè tí mo ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Orí fóònù mi ni mo ti ń ṣí i. Màá tẹ orúkọ oníbàárà, iye yáàdì tó gbà àti owó tó kù. Bó bá san díẹ̀, á yọ ọ́ kúrò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò jẹ mí, màá fi ọjọ́ tó gbé ọjà hàn án lójú ẹsẹ̀. Ọmọ yàhúù wo ló ń jókòó ṣe irú ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Lafẹ́nwá: N kò bú yín. Ẹ̀rù ló bà mí, nítorí ojú mi ti rí i rí.

Mò Ń Kọ́ Ọ Bọ̀, Òbàǹtókò: Èmi náà ń kọ́ Python, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, bẹ́ẹ̀ mo ti lé lógójì ọdún. Kì í ṣe laptop ló fẹ́ lé mi sá. Fídíò àtijọ́ kan ni mo ń tẹ̀lé. Ẹni inú rẹ̀ kọ print, ó fi àlàfo sí i, ó wá kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kó gbé jáde. Tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Èmi kọ ohun kan náà, kọ̀ǹpútà ní mo ṣìṣe. Mo tún un kọ títí, mo rò pé ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́. Ẹnì kan ló wá là mí lójú pé Python 2 ni ti inú fídíò yẹn, pé àwọn tó ni ín ti pa á tì láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2020, àti pé nínú Python 3, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé print gbọ́dọ̀ wà nínú àkámọ́. Nítorí àkámọ́! Ẹ bi àbúrò yín bóyá ohun tó ń tẹ̀lé kò ti gbó.

Ọmọ Ẹ̀gbá Gidi: Python kọ́ ló yẹ kí ẹni tó ń wá owó fi bẹ̀rẹ̀. JavaScript ni. Kò sí bíráúsà, irú Chrome tí a fi ń wo ìkànnì, tí kò ti ń ṣiṣẹ́.

Mò Ń Kọ́ Ọ Bọ̀, Òbàǹtókò: JavaScript tí Brendan Eich fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣe ní 1995? Ẹ fi 1 kún "5" tó wà nínú àmì ọ̀rọ̀, 51 ló máa fún yín. Báwo ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò ṣe ní dàrú?

Ọmọ Ẹ̀gbá Gidi: Iye ọjọ́ tó fi ṣe é kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa. Òun ni gbogbo ayé ń lò. Ìwé gbèsè tí ọmọ náà ṣe, tó ń ṣí lórí fóònù, ẹ rò pé Python ni?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe Kútọ̀: Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti obìnrin yìí. Àǹtí aládìrẹ, ẹ ní kó tan laptop, kó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á yọ. Kó wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí. Bó bá ń wà ní 100% ṣáá nígbà tí kò ṣe nǹkan kan gúnmọ́, hard disk ló ń fà á sẹ́yìn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé irú rẹ̀ wá bá mi. Nínú hard disk, àwo kan ló ń yí, tí apá kékeré kan ń wá ọ̀rọ̀ kiri lórí rẹ̀. SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí, ìdí nìyẹn tó fi máa ń yá.

Aládìrẹ Ìtòkú: Mo ti ní kó wò ó. 100% ni lóòótọ́. RAM 4GB, hard disk 500GB, Windows 10. Ó ní Android Studio, ohun tí wọ́n fi ń ṣe áàpù fóònù Android, lòun ń kọ́ báyìí, pé òun fẹ́ sọ ìwé gbèsè yẹn di áàpù gidi tí gbogbo aládìrẹ Ìtòkú á lè máa lò.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, Àsẹ̀rò: A ti wá ríbi gbá mú. Ọmọ náà kò purọ́. Android Studio ju agbára 4GB lọ. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló sọ pé 8GB ló kéré jù, ìyẹn láì tíì ka emulator, fóònù tí wọ́n ń ṣí sórí kọ̀ǹpútà láti fi dán áàpù wò. Ṣùgbọ́n kò di dandan kó jẹ́ tuntun. Ẹ fi SSD sí i, ẹ sọ RAM di 8GB bí àyè bá wà. Àwọn laptop kan wà tí wọ́n ti jó RAM mọ́ inú wọn, atúnṣe á sọ fún yín.

Kó sì pa emulator tì, kó lo fóònù ara rẹ̀. Kó wọ Settings, kó wá Build number, ó sábà máa ń wà lábẹ́ About phone. Kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀meje, Developer options á yọ. Kó tan USB debugging níbẹ̀, kó fi okùn so fóònù mọ́ laptop. Orí fóònù gan-an ni áàpù rẹ̀ á ti ṣí. Àpapọ̀ gbogbo èyí kò lè sún mọ́ ₦450,000. Ní ti Windows 10, Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, nítorí náà kó má fi ṣe ọ̀rọ̀ báńkì.

Ọmọ Ẹ̀gbá Gidi: Tuntun ló dára jù o. Ẹ rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàátà: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ ní owó kan wà lọ́wọ́ yín. Owó kí ni? Ṣé ọmọ náà kò lọ ilé ìwé ni, tó fi ń rí gbogbo àyè yìí?

Aládìrẹ Ìtòkú: Owó àjọ ni. Owó ilé ìwé rẹ̀ ni mo dá a fún. Ọdún kejì ló yẹ kó wà ní poli. Kò tíì forúkọ sílẹ̀, ó ní òun kò padà síbẹ̀ mọ́, pé orí pátákó ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ní kóòdù, pé ohun tí òun ń kọ́ fúnra òun jù ú lọ. Bàbá wa ní Ìjàyè kò mọ̀. Wọ́n rò pé ó ń lọ. Ẹ má wulẹ̀ bú mi. Èmi ni mo tọ́ ọmọ yìí láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Bí mo bá san owó náà, tí kò lọ, ó ti wọmi. Bí mo bá fi ra laptop, ó kéré tán ẹ̀rọ wà nílẹ̀.

Ìyá Ìbejì Lafẹ́nwá: Háà! Ẹ jẹ́ ká máa sọ ti RAM láti àárọ̀, nígbà tó jẹ́ owó ilé ìwé lẹ fẹ́ ná! Ẹ lọ sọ fún bàbá yín lónìí.

Ọmọ Ẹ̀gbá Gidi: Ìwé ẹ̀rí kì í kọ kóòdù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàátà: Mo wà nílé ìwé, mo sì ń kọ kóòdù. CS50, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti Harvard lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. freeCodeCamp, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ́ kóòdù, ọ̀fẹ́ ni. Alẹ́ ni mo ń ṣe wọ́n. Kó rántí pé bí kò bá ní HND tàbí dìgírì, kò lè lọ sìn NYSC, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ṣì ń béèrè ìwé rẹ̀. Èyí tó kánjú jù nìyí: bí kò bá fẹ́ lọ lọ́dún yìí, kó kọ̀wé sí ilé ìwé pé òun fẹ́ dá a dúró ná. Ẹni tó kọ̀wé lè padà. Ẹni tó kàn pòórá, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Aládìrẹ Ìtòkú: Ti ìwé yìí, n kò gbọ́ ọ rí. Alẹ́ òní ni màá bá a sọ ọ́. Ti bàbá wa, ẹ jẹ́ kí n mọ bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Atúnṣe Kútọ̀, mò ń gbé laptop bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé fún SSD, nínú owó ọjà. N kò ní fọwọ́ kan owó àjọ ná.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, Àsẹ̀rò: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwé gbèsè yín ńkọ́, níbo ló ń kó ọ̀rọ̀ pa mọ́ sí?

Aládìrẹ Ìtòkú: Ó ní localStorage, ibi tí bíráúsà ń kó ọ̀rọ̀ ìkànnì pa mọ́ sí, inú Chrome fóònù mi.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, Àsẹ̀rò: Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín nu Chrome yẹn o! Bí wọ́n bá pa cookies àti site data, àwọn ohun tí ìkànnì kó pa mọ́ síbẹ̀, rẹ́, gbogbo orúkọ ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. Bí fóònù bá sọnù, bákan náà. Ẹ ní kó fi bọ́tìnì kan sí i tó máa kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì, kí ẹ máa fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp.

Aládìrẹ Ìtòkú: Yéè! Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní kí n gbé e wá lónìí, kóun nu inú rẹ̀ kó lè yá. N kò gbé e lọ mọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn orúkọ náà kọ sínú ìwé.