Ìlẹ̀kẹ̀ tí mo rà láti òkè òkun kò bá èyí tí mo béèrè mu: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ṣiṣẹ́, mo kí yín o. Ìlẹ̀kẹ̀ 11/0, tó máa ń fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 2, ni mo béèrè lọ́wọ́ òǹtajà kan ní òkè òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n 8/0, tó tó mìlímítà 3, ló fi ránṣẹ́. (Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìlẹ̀kẹ̀ ń kéré sí i, ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni òun náà ti ṣì í.) Àwọ̀ rẹ̀ pàápàá kò bá ti àpò tí mo ti kọ́kọ́ rà tẹ́lẹ̀ mu, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ló wà lára àpò méjèèjì. Òǹtajà náà ní òun yóò dá owó mi padà bí mo bá dá ọjà padà, ṣùgbọ́n owó tí n ó fi fi í ránṣẹ́ ju iye tí mo rà á lọ.

Ǹjẹ́ àwòrán ìlẹ̀kẹ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà tó ẹ̀rí láti fi gba owó díẹ̀ padà láìdá ọjà padà? Báwo ni ẹ sì ṣe ń rí i dájú, kí ẹ tó sanwó, pé ìgbà kan náà ni wọ́n pa gbogbo àpò tí ẹ ń rà láró?