Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ń dùn mí, Marathon Èkó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Asáré Sùúrùlérè:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Láti bí oṣù kan sẹ́yìn ni iṣan tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ mi òsì ti ń dùn mí. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn láàárọ̀, ńṣe ni mo máa ń tiro dé ilé ìwẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti sáré díẹ̀ tí ara mi gbóná, ìrora náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, kó tó tún padà dé lálẹ́. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré gun afárá léraléra, nítorí Third Mainland tí a máa gbà kọjá, ló bẹ̀rẹ̀. Ètò ìgbáradì mi ní kí n sá kìlómítà 32 ní Sátidé tó ń bọ̀. Ṣé kí n sá a, àbí kí n sinmi títí di ọjọ́ ìdíje? Ẹnìkan tún ní kí n máa lo Diclofenac, oògùn apàrora, kí n tó jáde.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Ní tèmi, ẹ jókòó sílé, kí ẹ máa fi òrí pa á lálaalẹ́, kí ẹ má sì sáré rárá títí di ọ̀sẹ̀ ìdíje.

Onífísíò Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣeun, mà. Òrí kò ní pa á lára, àmọ́ n kò fara mọ́ ìsinmi pátápátá. Ẹrù tí iṣan yìí ń rù ló ń fún un lágbára. Bí a bá gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrora lè lọ, ṣùgbọ́n agbára á bá a lọ, ọjọ́ tí a bá sì gbé kìlómítà 42 lé e lójijì ni yóò fapá jánú.

Iṣan yìí kì í sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀: ohun tí ẹ bá fi ojú rẹ̀ rí lónìí, àárọ̀ ọ̀la ni yóò fèsì. Ẹ díwọ̀n ìrora náà láti 0 dé 10. Bí kò bá ju 3 tàbí 4 lọ nígbà tí ẹ ń sáré, tí ẹsẹ̀ kò sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí ẹ bá jí lọ́jọ́ kejì, ìwọ̀n tí ẹ sá dára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dín in kù. Ẹ gbàgbé kìlómítà 32 yẹn. Eré gígùn kan ṣoṣo kò lè fi ohun tó pọ̀ kún agbára yín mọ́, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ẹ ti kó jọ kò ní ṣòfò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ sá bíi 18 lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ dípò ìyókù, kí ẹ sì pa afárá àti eré àsápajúdé tì.

Ẹ dúró sí etí àtẹ̀gùn, ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara yín sókè, kí ẹ sì sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìpele mẹ́ta, ìgbà 15 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oníṣègùn kan, Alfredson, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ló gbé irú ìdárayá yìí jáde ní 1998, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n sì fi ṣe é, nítorí náà ẹ má retí pé yóò san tán kí ìdíje tó dé.

Apòògùn Òṣogbo:
Diclofenac kò wo iṣan náà sàn. Ó kàn ń pa á lẹ́nu mọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ohun tí onífísíò ní kí ẹ máa fetí sí gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá lò ó lọ́jọ́ ìdíje, nínú oòrùn Èkó, tí omi ara ti ń gbẹ, ó lè pa kíndìnrín lára. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni Paula Radcliffe, asáré ọmọ Britain, lò fún ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ṣáájú Marathon Olympic ní Athens ní 2004; ó da inú rẹ̀ rú, kò sì lè parí eré náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti lo Cipro (Ciprofloxacin), oògùn apakòkòrò àrùn, láìpẹ́ yìí? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sáré lọ rà á ní kẹ́míìsì bí wọ́n bá ti ní táífọ́ọ̀dù ni. Ciprofloxacin àti àwọn ẹbí rẹ̀ lè ba iṣan jẹ́, pàápàá ti ẹ̀yìn gìgísẹ̀, ìpalára náà sì lè fara hàn ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí a lò ó tán. Láti 2008 ni àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù nípa rẹ̀ sára oògùn náà.

Asáré Sùúrùlérè:
Háà! Mo lò ó ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn. Ibi tó ń dùn ga ju eegun gìgísẹ̀ lọ bí ìka mẹ́ta, ó sì ti wú kókó bí ẹ̀wà.

Onífísíò Abẹ́òkúta:
Ọ̀rọ̀ Cipro yìí yí ìmọ̀ràn mi padà. Ẹ má sáré rárá, kí ẹ sì dá ìdárayá etí àtẹ̀gùn náà dúró, títí dókítà yóò fi yẹ ẹsẹ̀ náà wò, kí ẹ sì sọ orúkọ oògùn náà fún un. Bí ó bá gbà yín láyè, ẹ dán ẹsẹ̀ òsì nìkan wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìdíje: bí ẹ kò bá lè fi fò sókè nígbà mẹ́wàá kí ìrora má ju 3 lọ, ẹ fi ti ọdún yìí sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gún yín ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù sí iṣan náà kí ẹ lè sáré, ẹ kọ̀ ọ́, torí ó lè mú kó já. Bí ẹ bá sì gbọ́ pà lẹ́yìn gìgísẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gbá yín lẹ́sẹ̀, tí ẹ kò lè nàró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á tàbí kó wọ́ ọ; kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.