Ọkọ̀ tó ń jẹ́ "Jésù": ṣé John Hawkins kó ará Ọ̀kun lẹ́rú?

ỌmọKábà: Ẹ̀yin ará, ọ̀kun o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jiyàn níbí pé John Hawkins, ará Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọkọ̀ "Jésù" kó ẹrú, gba Odò Ọya wọlé, ó sì kó àwa ará Ọ̀kun (Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí), bíi ará Yàgbà àti Ìjùmú, lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Báwo ló sì ṣe ń rí èèyàn kó?

ÀgbàÌsánlú: Ọ̀kun o. Kò débí. Etíkun Cape Verde (ní Sẹ̀nẹ̀gà) sí Sàró (Sierra Leone) ló ń ná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló darí ìrìn náà, 1562, 1564 àti 1567. Ìgbà àkọ́kọ́, ọkọ̀ mẹ́ta. Ó kó nǹkan bí 300 èèyàn lọ tà ní Hispaniola, erékùṣù kan ní Karíbíánì.

Ìgbà kẹta ló le. Ọfà olóró pa nínú àwọn èèyàn rẹ̀ ní Cape Verde. Nígbà tó dé Sàró, ọba kan ní kó wá ran òun lọ́wọ́ láti gbógun ti ìlú olódi kan, àwọn tí wọ́n bá mú yóò di ti Hawkins. Wọ́n sun ìlú náà. Ewé ọ̀pẹ gbígbẹ ni wọ́n fi bo ilé wọn, iná sì tètè ràn. 250 ni Hawkins mú, ọba mú 600. Kílẹ̀ tó mọ́, ọba ti kó 600 tirẹ̀ sá lọ!

Atukọ̀Ẹ̀gbẹ́: Ẹ jẹ́ n fi ti ọkọ̀ yẹn kún un. Kì í ṣe Hawkins ló sọ ọ́ ní Jésù. Lübeck ní Jámánì ni wọ́n ti kàn án, Henry Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì, rà á, ọbabìnrin Elizabeth sì yá Hawkins lò. Ó ti gbó. Ilé gíga tó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ ló bà á jẹ́: bí ìjì bá ń mì ín, pákó á ya, omi á wọlé. Ní 1568, nínú ìrìn kẹta yẹn, wọ́n gé ilé òkè náà dànù lójú òkun, síbẹ̀ ó di dandan kí wọ́n yà sí San Juan de Ulúa ní Mẹ́síkò. Ibẹ̀ ni àwọn Sípéènì ti kọlù wọ́n ní 23 Oṣù Kẹsàn-án. Nínú àwọn ọkọ̀ Hawkins, Minion àti Judith tí Francis Drake ń darí nìkan ló bọ́. Jésù kò kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Hawkins di akápò ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní 1578, ọkọ̀ gígùn tí ilé orí rẹ̀ kò ga ni wọ́n ń kàn. Wọ́n tún ń fi ọ̀dà àti irun ẹran sáàárín pákó méjì nísàlẹ̀ ọkọ̀, kí kòkòrò òkun má baà lu ú.

ỌmọKábà: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ta ló wá kó tiwa?

ÀgbàÌsánlú: Ogun Tápà láti Bídà, lórí ẹṣin, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. 1897 ni Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídà. Hawkins ti kú sójú òkun nítòsí Puerto Rico láti 1595.