Báwo la ṣe lè fi àwọn oníkànga Iléṣà sínú àwòṣe omi abẹ́ ilẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn la ń tọrọ lórí àwòṣe MODFLOW (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí omi ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀) fún Iléṣà. Orí àpáta nílùú wà; inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta àti inú àpáta tó sán lomi ń gbé. Kànga méjì nínú àgbàlá kan lè yàtọ̀ pátápátá, àwọn onílé àtàwọn agbẹ́kànga ló sì mọ̀ ọ́n.

Wíwọ̀n bí omi kànga ṣe jìn tó kò le: okùn ìwọ̀n láti etí kànga, láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fami, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá ti fami kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, àwòṣe á rò pé omi ń tán.

Àwọn tó ń ta omi bóhólù ló ṣòro. Ẹ̀rù owó orí ń bà wọ́n, wọn kì í sọ iye tí wọ́n ń fà. Ṣé ká fi garawa lítà 20 wọ̀n ọ́n? Bó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 40, lítà 1,800 ni ní wákàtí kan. Ká wá fi wákàtí tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Àbí ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní dẹ́rù bà wọ́n?

Ìgbà wo ló sì yẹ ká fi àwòṣe han àwọn oníkànga? Lójú tiwa, kó tó parí ni, kí wọ́n lè tún un ṣe.