Kíjìpá Yèyé wa: ṣé kí n gé e ni àbí kí n dá a padà sínú àpótí?

AdunniRanso_Ado:

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan wà ńlẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí kó tó dìjà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mi ò kí ń ṣe télọ̀ o, inú ilé ni mo ti ń rán tèmi, máṣíìnì ọlọ́wọ́ tí màmá mi fi sílẹ̀ ni mo ń lò, Singer dúdú yẹn tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà ya òdòdó sí lára, àmọ́ òdòdó ti ṣí tán níbi tí màmá mi máa ń gbọ́wọ́ lé. Kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀.

Yèyé wa, ìyẹn ìyá tó bí màmá mi, hun kíjìpá kan kí wọ́n tó bí èmi rárá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn l'Ìkọ̀lé ni òfì wọn máa ń wà, ó dúró gbọọrọ sára ògiri, wọ́n á jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀, wọ́n á wá máa fi pátákó pẹlẹbẹ kan lu òwú kó lè ki, gbà, gbà, gbà, orí ìró yẹn la máa ń sùn sí. Òwú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ran ni, aró ẹ̀lú ni wọ́n pa á, ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára ẹ̀. Ó nípọn débi pé tí wọ́n bá dà á bò wá nígbà ọyẹ́, ká yí padà lábẹ́ ẹ̀ gan-an iṣẹ́ ni. Òun náà ni wọ́n fi pọn àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti ìgbà tí Yèyé ti papòdà, inú àpótí laṣọ yẹn wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣí i, eku ti jẹ igun ẹ̀ kan, ihò tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, pẹ̀lú gbogbo kánfọ̀ tí mo kó síbẹ̀ o! Inú bí mi débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ni mo bá ní kí ló kàn mí tí mo fi ń tọ́jú aṣọ de eku, mo máa fi rán jákẹ́ẹ̀tì, kí n máa rí i lọ́rùn ara mi.

Ọjọ́ kejì mo gba Ọjà Ọba lọ níbi tí wọ́n ti ń da òkìrìkà sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mo ń ṣà, mo rí kóòtù ọkùnrin kan, òde ẹ̀ ti ṣá, kọ́là ẹ̀ ti họ, ẹnikẹ́ni ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ nígbà tí mo yí inú ẹ̀ síta, háà, láínìn funfun tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọbẹ̀ ilá, kò sí àbàwọ́n kankan. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, mo san ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀. Nígbà tí mo ń tú u nílé mo tún bá ọ̀rá kékeré kan lábẹ́ láínìn, bọ́tìnnì méjì wà ńnú ẹ̀, àwọn tó rán kóòtù ló fi síbẹ̀ pé tó bá já kí oníkóòtù fi dípò, ẹni yẹn ò tiẹ̀ ṣí i wò rí.

Wàyí o, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó ní tí mo bá fi àlùmọ́gàjí kan kíjìpá Yèyé kí n má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Èmi náà ti ń bẹ̀rù, torí mo gé díẹ̀ wò létí ihò eku yẹn, ńṣe ló ń tú bí irùngbọ̀n àgbàdo. Mo tún ká a sí méjì mo gbé e sábẹ́ máṣíìnì, á rán díẹ̀ á fo, á rán díẹ̀ á fo. Kí ni kí n ṣe?

TeloAgba_Ikere:

Ọmọ mi, gbé àlùmọ́gàjí yẹn sílẹ̀ ná. Òfì tó o júwe yẹn, èyí tó dúró sára ògiri, òfì àwọn obìnrin ni, aṣọ fífẹ̀ ló ń hun, kì í ṣe bíi tàwọn ọkùnrin tó ń jáde tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n á tò ó mọ́ra wọn rẹpẹtẹ kó tó di agbádá. Tí wọ́n bá hun apá kan kíjìpá tán wọ́n á hun èkejì, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so méjèèjì pọ̀ kó lè fẹ̀ tó ìró. Nítorí náà tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, fọwọ́ tọ àárín ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wàá kan ibi tó le bí okùn, ojú ìrán ni. Abẹ ni kó o fi tú u, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, má fà á. Tó o bá tú u tán aṣọ méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ, o ò gé nǹkankan, etí méjèèjì sì wà bí ìyá àgbà ṣe hun ún, kò lè tú. Kó o mú ọ̀kan, kí ẹ̀gbọ́n ẹ mú ọ̀kan.

Èyí tó o bá wá fẹ́ gé nínú tìẹ, fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà, rán máṣíìnì sí ọ̀tún ilà yẹn, rán sí òsì ẹ̀, lẹ́yìn náà lo máa wá gé àárín. Lọ weave ẹ̀, ìyẹn kí wọ́n fi máṣíìnì di etí ẹ̀ kó má baà tú, lọ́jọ́ yẹn gan-an, má ní ó di ọ̀la. Níbi ọrùn àti ojú bọ́tìnnì, lẹ gum stay, aṣọ tó ní gọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀, sẹ́yìn ẹ̀.

Ní ti fífò yẹn, abẹ́rẹ́ nọ́ńbà mélòó ló wà níbẹ̀? Tó bá jẹ́ 14 tó o fi ń rán ànkárá ni, ó kéré sí kíjìpá. Ra 16, tó bá ṣì ń fo, 18. Kó o sì wo abẹ́rẹ́ yẹn dáadáa kó o tó fi sí i, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ pẹlẹbẹ lókè, ẹ̀gbẹ́ kejì ní kòtò gígùn tó sọ̀ kalẹ̀ dé ojú abẹ́rẹ́, apá ibi tí kòtò yẹn wà lòwú gbọ́dọ̀ ti wọlé. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì tí wọ́n ń rù wá bá mi pé ó ti kú, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sí i lódì ni, mo kàn ń yí i padà ni, mo sì ń gbowó. Tó o bá dé ibi tó ki, fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́, má fa aṣọ lẹ́yìn, ìfà ló ń tẹ abẹ́rẹ́.

Àti òróró ìdáná yẹn, mo mọ̀ pé ẹ máa ń fi sí i, ẹ má bá mi jiyàn! Ó máa ń di àtè sínú irin ni. Fi karosíìnì díẹ̀ yọ́ èyí tó ti gan síbẹ̀, nù ún, kó o wá kán òróró máṣíìnì sí i.

IyaIbeji_Ijero:

Baba Télọ̀ ti sọ gbogbo ẹ̀ tán àmọ́ wọn ò sọ ti láínìn funfun. Àdùnní, ẹ̀lú ni o sọ pé wọ́n fi pa á àbí? Jọ̀ọ́ má tíì so ó mọ́ láínìn yẹn o. Èmi fi àdìrẹ ẹlẹ́lùú rán búláòsì ní ọdún kan, mo fi aṣọ funfun tẹ́ inú ẹ̀, mo wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkórè, oòrùn mú, a jó a jó, nígbà tí mo délé tí mo bọ́ ọ, abíyá mi méjèèjì ti di àwọ̀ aró, kọ́má mi náà. Ọkọ mi ní ṣé mo lọ bá wọn re aró ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń fi kànìnkànìn bó o.

Omi tútù ni kó o fi fọ̀ ọ́, ọṣẹ díẹ̀, máa da omi ẹ̀ nù títí wàá fi rí i pé omi ti mọ́, kó o sá a síbòòji.

Kemi_Iyin:

Ẹ da iyọ̀ sómi yẹn, iyọ̀ máa ń di aró mú. Màmá wa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

TeloAgba_Ikere:

Kẹ́mi, iyọ̀ ò mọ nǹkankan lára ẹ̀lú. Èyí tó lẹ̀ mọ́ òde òwú ló ń ṣí, fífọ̀ ló máa gbé e lọ. Ẹ fi iyọ̀ se ọbẹ̀.

OmoEkiti_LEko:

😂😂 Baba Télọ̀ ẹ rọra o. Èmi wá gbèjà ẹ̀gbọ́n ni o. Àwọn àgbà ló ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, òfì laṣọ àgbà, èmi ò mọ ọ̀lẹ tí wọ́n ń bá wí níbẹ̀ torí mo rí ìyá bàbá mi tó ń ran òwú títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó, ẹni yẹn ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ. Tiwọn ni wọ́n gé níṣojú mi. Àbúrò bàbá mi fi ṣe kọ́fà àga, wọ́n ní ó máa bá pálọ̀ mu, ọdún méjì péré àwọn ọmọ ti da mínírà sí i, wọ́n fi nu ilẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá máa gé e, ẹ gé e fún ohun tí èèyàn máa wọ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn máa jókòó lé.

Ọ̀rọ̀ òkìrìkà yẹn náà, ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ ìlú ni? Okrika ní Rivers, etí omi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kó o wọ̀lú, ó wà nínú ìwé wọn, àmọ́ ta ni ò ní in lọ́rùn nínú wa? Èyí tí mo wọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ yìí gan-an, òkìrìkà ni.

Kó o tún bá mi wo nọ́ńbà ara Singer yẹn. Tó bá jẹ́ E àti lẹ́tà mìíràn ló ṣáájú nọ́ńbà, Clydebank ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ yẹn pa ní 1980, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó ju ìwọ gan-an lọ.

AdunniRanso_Ado:

Ẹ ṣé gan-an o, ẹ̀yin ará Èkìtì Kete. E àti H ló wà lára ẹ̀, màmá mi máa ń sọ pé àwọn bá a nílé ọkọ ni, mi ò gbà wọ́n gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Baba Télọ̀, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lánàá lójú fèrèsé, mo fọwọ́ tọ̀ ọ́, ojú ìrán wà níbẹ̀ lóòótọ́! Gbogbo ọdún tí mo fi bo ara mi mi ò rí i rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ tú u, òwú funfun ni Yèyé fi rán an bọ̀ láti òkè, tó dé ìdajì ni mo bá rí i pé ó di òwú dúdú. Mo pe màmá mi kékeré lórí fóònù, mo ní kí ló dé tó jẹ́ òwú méjì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ní òwú ló tán lọ́wọ́ Yèyé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n rán àwọn lọ ra òmíràn, àwọn wá fi lára owó yẹn ra àkàrà jẹ lọ́nà, èyí tó kù lọ́wọ́ àwọn ò tó ra òwú funfun odindi, ni àwọn bá lọ tọrọ ìlàjì òwú dúdú lọ́dọ̀ télọ̀ kan, àwọn sì purọ́ pé funfun ti tán lọ́jà. Wọ́n ní Yèyé ò sọ nǹkankan, wọ́n kàn wo ẹnu àwọn tí òróró àkàrà ṣì wà, wọ́n gba òwú, wọ́n ń rán an lọ.

Mo ká òwú méjèèjì yẹn sára páálí kékeré kan, mi ò jù ú.

Ẹ̀gbọ́n mi dé láàárọ̀ yìí. Mo ti ro pé èyí tó pé pérépéré ló máa mú, mo ti múra ìjà sílẹ̀ gan-an. Ló bá gbé èyí tí eku jẹ, ó ní apá ibẹ̀ ló máa ń dì mú nígbà tí wọ́n bá pọn ún, ó ní òun máa bu abúlẹ̀ sí i, òun á máa fi bora. Bóyá ó rántí ni o, bóyá ó kàn fẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe, mi ò bi í.

Abẹ́rẹ́ 16 ti dé, kò fo mọ́. Mo ti fọ tèmi lẹ́ẹ̀mẹrin, omi ẹ̀ ṣì ń dúdú, láínìn ṣì wà lórí hángà. Ó ku bọ́tìnnì. Méjì inú ọ̀rá yẹn rẹwà jù kí n má lò ó, ó dúdú díẹ̀ bí èèpo obì, ihò mẹ́rin, ó tó náírà kan àtijọ́ ní fífẹ̀, àmọ́ mo nílò mẹ́rin. Ẹni tó bá ní méjì irú ẹ̀ lára kóòtù tí ò wọ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó.