Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Brasil pẹ̀lú màmá mi: ìlú wo ni kí a yọ kúrò?

Mojísọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ Àgùdà ni ìdílé màmá mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti ìgbà tí mo sì ti wà ní kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí ilẹ̀ tí bàbá ńlá àwọn ti padà wá. Wọ́n pé ọmọ ọdún 67 ní oṣù tó kọjá. Ní báyìí tí owó díẹ̀ ti wà lọ́wọ́, a fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Brasil ní oṣù Keje, nítorí pé àsìkò yẹn nìkan ni ibi iṣẹ́ mi lè fún mi ní ìsinmi.

Èrò mi ni pé bí a bá ti lè ná irú owó bàálù bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a rí ilẹ̀ náà tán. Mo ti kọ orúkọ ibi méje sílẹ̀: São Paulo, Rio de Janeiro, ìtàkìtì omi Iguaçu, Gramado tí wọ́n ní òtútù rẹ̀ dà bí ti Yúróòpù, Salvador ní Bahia, àwọn òkìtì yanrìn Lençóis Maranhenses, àti Manaus láàárín igbó Amazon. Mo rò ó pé a lè máa wọ bọ́ọ̀sì láti ìlú kan dé èkejì kí owó má baà pọ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Àbújá. Orúnkún màmá mi kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà pé ó rẹ àwọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n yọ kúrò, kí sì ni kò gbọdọ̀ yẹ̀?

Adéwálé

Arábìnrin Mojísọ́lá, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kàwé ní São Paulo, mo sì wọ bọ́ọ̀sì wọn títí ó fi mọ́ mi lára. Ẹ má fi Àbújá díwọ̀n rẹ̀ rárá. Ilẹ̀ Brasil fẹ̀ tó Nàìjíríà lọ́nà mẹ́sàn-án. Láti São Paulo dé Iguaçu, ẹ ó sun òru kan mọ́jú nínú ọkọ̀. Láti Rio dé Salvador, ó ju wákàtí 24 lọ. Ní ti Manaus, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó gba gúúsù wá, èyí tí wọ́n ń pè ní BR-319, máa ń di ẹrẹ̀ ní ìgbà òjò, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bàálù tàbí ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn sábà máa ń wọ̀ débẹ̀. Bí ẹ bá fi bọ́ọ̀sì ṣe gbogbo ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn, ojú fèrèsé ni màmá yóò ti rí Brasil.

Kì í ṣe pé bọ́ọ̀sì wọn burú. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní leito, tí ìjókòó rẹ̀ máa ń nà sílẹ̀ bí ibùsùn, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú aṣọ tó nípọn dání, torí pé ẹni tó ń tan ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ kì í rántí pé ènìyàn ló kó. Ẹ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lè rí bí ó ṣe rí, kí ẹ sì fi bàálù abẹ́lé ṣe ìyókù. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nítorí pé oṣù Keje ni àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn máa ń gba ìsinmi, tolórí tẹlẹ́mù ni ó sì ń rìnrìn àjò nígbà náà. Àwọn kan lára ojú òpó tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì máa ń béèrè CPF, ìyẹn nọ́ńbà owó orí tí olúkúlùkù ọmọ Brasil ní. Àlejò náà lè gbà á, bí ẹ kò bá sì ní in, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà ìwé ìrìnnà. Ẹ ó tún gbọ́ orúkọ Pix lẹ́nu gbogbo ọlọ́jà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń san owó lórí fóònù ni, ẹni tí kò sì ní àkáǹtì níbẹ̀ kò lè gbára lé e, ṣùgbọ́n káàdì ń ṣiṣẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta omi àgbọn létíkun.

Oṣù Keje kan náà ni àárín òtútù wọn. Ní Gramado, ìrì lè dì lórí koríko láàárọ̀, òtútù yìí gan-an sì ni àwọn ará Brasil ń lọ wò níbẹ̀, torí pé kò sí lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹ ti rí harmattan rí. Tèmi ni pé kí ẹ yọ Gramado, Lençóis àti Manaus kúrò, kí ẹ fi Salvador, Rio àti Iguaçu sílẹ̀.

Ìyá Àbíkẹ́, Salvador

Mojísọ́lá ọmọ mi, ó ti pé ọdún 22 tí mo ti ń gbé ìlú yìí, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Má ṣe fún Salvador ní ọjọ́ méjì bí àwọn tí wọ́n kàn ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí etíkun.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò dùn ún gbọ́. Àwọn ará wa máa ń dé síbí pẹ̀lú èrò pé àwọn yóò bá ènìyàn tí ń sọ Yorùbá lójú pópó. Òótọ́ ni pé orin tí wọ́n ń kọ sí òrìṣà nínú ilé candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ti ibí, kún fún ọ̀rọ̀ wa, ìwọ yóò gbọ́ omi, ìyá, ọmọ àti àṣẹ, ṣùgbọ́n èdè Potogí ni wọ́n ń sọ nílé àti lọ́jà, ohùn àwọn ọ̀rọ̀ náà sì ti yí padà lẹ́nu wọn. Mo ti wà níbì kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Èkó ti dìde láàárín àwùjọ, tí ó ń tún orin àwọn ìyá àgbà ṣe fún wọn. Ojú tì mí púpọ̀. Àwọn tí ìyá wọn pa orin yẹn mọ́ ní àkókò tí ọlọ́pàá ń wọlé kó ìlù wọn lọ kò bẹ olùkọ́ níṣẹ́. Bí ilé kan bá gbà yín láàyè láti wá jókòó, ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ ní àwọ̀, funfun ni ó dára jù, kí ẹ má ya àwòrán, kí ẹ sì jókòó sí ibi tí wọ́n bá fi hàn yín, torí pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ ni ti obìnrin, ọ̀tọ̀ ni ti ọkùnrin. Ilé tí ó lórúkọ jù ni Casa Branca, òun ni ilé candomblé àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ kà mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, ní 1984.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ìdílé yín. Ìwé ìrìnnà ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n padà sí Áfíríkà lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Màlé, ìyẹn àwọn ẹrú Mùsùlùmí, ní 1835 ní àkọsílẹ̀ ní ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba Bahia. Ṣùgbọ́n orúkọ ìrìbọmi ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, àìmọye ènìyàn ni ó sì ń jẹ́ orúkọ kan náà. Má ṣe ṣèlérí fún ìyá rẹ pé ẹ ó rí bàbá ńlá wọn nínú ìwé láàárín ọjọ́ méjì, kí inú wọn má baà bàjẹ́. Mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos ní àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Pelourinho, ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Ìlù ni wọ́n fi ń gbé Máàsì wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà, ẹ yà sí Museu Afro-Brasileiro, níbi tí pátákó gbígbẹ́ 27 tí ayàwòrán Carybé ṣe ti àwọn òrìṣà wà, òrìṣà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun èlò ọwọ́ rẹ̀. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ojú títì Pelourinho, ó sì dagun, nítorí náà ẹ lo Elevador Lacerda, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè, láti ìsàlẹ̀ ìlú dé òkè. Láti 1873 ni ó ti ń gbé ènìyàn.

Bí ẹ bá lè dé kí ọjọ́ kejì oṣù Keje tó pé, ẹ ó bá ọdún òmìnira Bahia. Ọjọ́ yẹn ní 1823 ni wọ́n lé ọmọ ogun Potogí kúrò ní ìlú yìí, àdúgbò Lapinha sì ni ìrìn ọdún náà ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n á máa fi kẹ̀kẹ́ wọ́ ère Caboclo àti Cabocla, ìyẹn ọkùnrin àti obìnrin onílẹ̀ Brasil, lọ. Ẹ mú agbòòrùn, òjò wínníwínní kì í jìnnà ní àsìkò yẹn.

Ní ti oúnjẹ, àkàrà kò nílò ògbufọ̀. Acarajé ni wọ́n ń pè é, epo pupa ni àwọn obìnrin aláṣọ funfun fi ń dín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọn á là á láàárín, wọn á fi ọbẹ̀ kíki tí wọ́n ń pè ní vatapá, ilá tí wọ́n ń pè ní caruru, àti edé kún inú rẹ̀. Bí ó bá bi ọ́ pé “quente?”, kì í ṣe gbígbóná ló ń bi ọ́, ata ni. Abará sì rèé, ọ̀lẹ̀ wa ni, inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sè é sí. Ìyá rẹ yóò sọ pé epo náà pọ̀ jù. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́.

Káyọ̀dé

Mo gbà pẹ̀lú Adéwálé lórí Gramado, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí Manaus. Mo mú màmá tèmi lọ, wọ́n sì dàgbà ju màmá yín lọ. Ọkọ̀ ojú omi láti Belém tí ó ń gba bí ọjọ́ márùn-ún, tí ènìyàn ń sùn nínú aṣọ tí wọ́n so rọ̀ sáàárín òpó méjì, ìyẹn kì í ṣe ti àgbàlagbà. Ẹ fi bàálù lọ. Omi Amazon ṣì máa ń kún ní oṣù Keje, nítorí náà ọkọ̀ kékeré lè wọ àárín igi lọ, kí ènìyàn máa wo orí igi bí ẹni wo òdòdó inú àgbàlá. Ibi tí odò Rio Negro tí ó dúdú bí tíì ti pàdé odò Solimões tí ó pọ́n bí ẹrẹ̀, àwọn omi méjèèjì máa ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà láìpò pọ̀, torí pé ọ̀kan tutù ju èkejì lọ, ó sì ń yára jù ú. Màmá mi ti ọwọ́ bọ omi náà ní ìhà méjèèjì, wọn kò sì yé sọ ọ́ títí di òní.

Lençóis ni kí ẹ yọ. Oṣù Keje ni ó dára jù lóòótọ́, torí pé omi òjò ti kún àárín àwọn òkìtì yanrìn náà, ṣùgbọ́n láti São Luís, ẹ ó fi ọkọ̀ rin nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin dé Barreirinhas, ẹ ó tún wọ ọkọ̀ tí ń gbọ̀n ènìyàn jìgìjìgì nínú yanrìn, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi ẹsẹ̀ gun òkìtì. Orúnkún yẹn kò ní gbà. Iguaçu kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀: bọ́ọ̀sì wà nínú ọgbà náà, ọ̀nà tí wọ́n tẹ́ sì gbé ènìyàn dé iwájú omi. Ìhà Brasil ni kí ẹ dúró sí, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ sọdá sí ìhà Argẹntínà gbọ́dọ̀ gba físà tiwọn lọ́tọ̀.

Nọ́ọ̀sì Bísí, London

Ẹ jọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ńkọ́? Bí màmá kò bá tíì gbà á rí, ẹ má kàn mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń fúnni ní káàdì, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò ná, nítorí pé ẹni tó bá ti ju ọdún 60 lọ nílò ìṣọ́ra lórí abẹ́rẹ́ yìí. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn àjò ni kí wọ́n ti gbà á. Ibà ẹ̀fọn wà ní agbègbè Amazon, kò sì sí ní Rio tàbí Salvador bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ sọ fún dókítà náà bí ẹ bá fi Manaus kún un. Bí wọ́n bá ń lo ẹ̀rọ kan tí ń lo iná, ẹ mọ̀ pé iná ìlú kan lè jẹ́ 127, kí ti ìlú mìíràn jẹ́ 220, ihò tí wọ́n ń ki ẹnu wáyà bọ̀ kò sì bá tiwa mu.

Ohun kan dùn mọ́ mi níbẹ̀: òfin wọn fún ẹni ọdún 60 sókè ní ìlà tirẹ̀ ní báńkì, ní ọjà àti ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “preferencial” sí, kí màmá sì bọ́ síwájú.

Adéwálé

Káyọ̀dé, mo gbà fún yín lórí Manaus. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ní Rio àti São Paulo, ẹ má di fóònù mú létí títì. Àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ máa ń já a gbà. Inú ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ti wo àwòrán ọ̀nà.

Mojísọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí màmá mi létí ní alẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ibi Gramado, wọ́n béèrè pé òtútù wo ni àwọn fẹ́ lọ fi owó rà. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ìwé ìdílé, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní kí ìwé náà máa jókòó jẹ́ẹ́, pé ojú títì tí bàbá ńlá àwọn rìn ni àwọn fẹ́ rìn. Mo ti bẹ ọ̀gá mi kí ìsinmi náà bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oṣù Kẹfà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni a ó lò ní Salvador, mẹ́rin ní Manaus, mẹ́ta ní Iguaçu, Rio ni yóò sì jẹ ìyókù. Ìyá Àbíkẹ́, ìbéèrè kan ló kù: ṣé ìró àti bùbá léèsì funfun tí wọ́n fi ṣe ìsìnkú ìyá wọn yóò bójú mu ní ilé candomblé?

Ìyá Àbíkẹ́, Salvador

Ó bójú mu, ṣùgbọ́n bí òkúta bá ń dán lára rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi yóò dúró dè yín ní Lapinha ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì. Má gbé irú wá fún mi, wọn yóò gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú; aṣọ òfì ni kí o mú wá.