Ta ló láṣẹ láti sọ ohun tó wà nínú káàdì ìfètòsọ́mọbíbí mi?

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ òfin bá mi dá sí i. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbé èyí tó kẹ́yìn jáde. Lẹ́yìn tí èmi àti ọkọ mi ti jọ gbìmọ̀, mo lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan níbí, wọ́n sì fi èyí tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ awọ apá sí mi lára, kí n lè sinmi fún ọdún mẹ́ta. A kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò pé oṣù méjì tí ìyá ọkọ mi fi pe ìpàdé ẹbí, tí wọ́n ní mo ti ti ilé ọmọ pa, tí wọ́n sì ń dárúkọ ọjọ́ tí mo lọ àti apá tí wọ́n fi nǹkan náà sí. Apá òsì ni lóòótọ́. Nígbà tí a tọpinpin rẹ̀, a rí i pé akọ̀wé tó ń wá káàdì jáde ní ilé ìwòsàn náà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n má bínú, pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ṣé òfin kankan wà tó dáàbò bo irú àkọsílẹ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ pé káàdì lásán ni, tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà? Ta ni mo lè pè lẹ́jọ́, ilé ìwòsàn ni àbí ìyá ọkọ mi? Mo tún ní áàpù kan lórí fóònù tí mo fi ń ka ọjọ́ nǹkan oṣù mi, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti ń bà mí báyìí.

Agbẹjọ́rò Rẹ́mọ, Ṣágámù:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. N kò tíì ka ìwé òfin kankan tí "ọ̀rọ̀ ẹbí ni" wà nínú rẹ̀. Abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014 sọ pé gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ẹni tó wá gba ìtọ́jú, ìyẹn bí ara rẹ̀ ti rí, ìtọ́jú tí wọ́n fún un, àní wíwà tó wà ní ilé ìwòsàn pàápàá, àṣírí ni. Wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ àfi bí ẹni náà bá fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n sọ ọ́, tàbí bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ rẹ̀, tàbí bó bá jẹ́ ọmọdé tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ béèrè, tàbí ẹni tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀ tí aṣojú rẹ̀ sì béèrè, tàbí bí àìsọ ọ́ bá máa kó ìlera ará ìlú sínú ewu ńlá. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí ìyá ọkọ níbẹ̀. Abala 29 sì sọ pé ẹni tó jẹ́ olórí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣètò tí kò ní jẹ́ kí ẹni tí kò kàn dé ìdí àkọsílẹ̀. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi pé kò ṣe ojúṣe yìí, ó lè lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, tàbí kó san ₦250,000, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀.

Ní ti káàdì, Òfin Ààbò Ìsọfúnni Ẹni tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kò mọ sí orí kọ̀ǹpútà. Ó kan àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe àti èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe. Ó ka ìlera àti ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ mọ́ ìsọfúnni ẹlẹgẹ́, tí ìṣọ́ra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti orúkọ àti nọ́ńbà fóònù lọ. Bí irú rẹ̀ bá jò, tí ó sì ṣeé ṣe kó pa olóhun lára, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi tó NDPC, àjọ tí òfin náà dá sílẹ̀, létí láàárín wákàtí 72 tí wọ́n bá ti mọ̀. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀. (Èmi kò gbà pé wọ́n ṣe é.) Ẹ̀yin náà lè kọ ẹ̀sùn sí àjọ yìí, ẹ sì lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti béèrè owó ìtánràn nítorí ohun tí ojú yín rí.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ló le. Òfin ti 2023 kò wọ inú ohun tí èèyàn ń ṣe pẹ̀lú ìsọfúnni nínú ilé ara rẹ̀, bí kò bá ṣáà ti tẹ ẹ̀tọ́ àṣírí ẹlòmíràn lójú. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ náà, nítorí náà lọ́yà tó bá fẹ́ jà á yóò rí ibi dúró. Èmi kò ní gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ilé ìwòsàn ni ẹ fi àṣírí yín lé, àwọn ni kó sì dáhùn.

Baba Òkè-Àje:

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè. Arábìnrin yìí ní ọkọ òun mọ̀. Bí ọkọ kò bá mọ̀ ńkọ́? Ọkùnrin tó ń san owó ilé ìwòsàn, tó ń retí ọmọ lóṣooṣù, ṣé òfin fẹ́ kó máa wo òfuurufú ni?

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́:

Baba, ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo ti pẹ́ nídìí ìfètòsọ́mọbíbí, mo sì mọ ìgbà tí a máa ń ní kí obìnrin lọ mú ọkọ rẹ̀ wá kí a tó dá a lóhùn. Àwa tí a wà nídìí rẹ̀ mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e: obìnrin náà kò ní padà wá mọ́, yóò gba ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì lọ, ohun tí wọ́n bá sì fún un níbẹ̀ kò ní àkọsílẹ̀ kankan. A máa ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá ọkọ wọn sọ ọ́. Ẹnu tiwọn ló yẹ kó ti jáde.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé àṣírí kò dúró de akọ̀wé kó tó jò. Ẹ lọ jókòó sí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn láàárọ̀. Apẹ̀rẹ̀ káàdì ni wọ́n gbé sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, àwọ̀ káàdì ìfètòsọ́mọbíbí yàtọ̀ sí ti aboyún, ẹnìkan yóò wá dìde láti pariwo pé, "Ìyá Mùfútáù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá yọ ti apá!" Gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ti gbọ́, ará àdúgbò kan náà sì ni wọ́n. Níbi tí mo wà báyìí, nọ́ńbà la ń pè. Pátákó kékeré tí a kọ nọ́ńbà sí kò ná wa ní ohun kan tó jọjú.

Agbẹjọ́rò Rẹ́mọ, Ṣágámù:

Baba, òfin kò ka ọkọ mọ́ àwọn tí mo tò sílẹ̀ lókè. Owó tó san kò sọ ara obìnrin náà di ohun ìní rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó kò lè lọ gba èsì àyẹ̀wò àtọ̀ ọkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ fọwọ́ sí i. Àwọn ọkùnrin tó ń wá ọmọ ni ìyẹn dáàbò bò jù, ẹ̀yin náà sì mọ bí ìlú ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ní ti áàpù, ìyá wa, ẹ̀rù yín tọ́. Ní ọdún 2021, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ tó ni Flo, áàpù tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń ka nǹkan oṣù, pé ó ṣèlérí láti pa àṣírí mọ́, síbẹ̀ tó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí Facebook àti Google. Wọ́n yanjú rẹ̀, wọ́n sì pàṣẹ fún un pé kó máa gba ìyọ̀ǹda kó tó fún ẹlòmíràn ní ìsọfúnni ìlera ẹnikẹ́ni. Òfin tiwa ti 2023 kan ilé iṣẹ́ òkèèrè tó bá ń lo ìsọfúnni ẹni tó wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n láti Àbújá, ọ̀nà á jìn. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ yín rẹ́. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó yọ áàpù náà, nítorí yíyọ ọ́ kúrò lórí fóònù nìkan kò nu ohun tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Kàlẹ́ńdà ara ògiri ni ìyàwó tèmi ń lò, àmì róbótó kékeré kan ló ń fi sí i, àlejò rò pé ọjọ́ àjọ ni.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìjẹ̀bú-Òde:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn náà: mo béèrè ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú káàdì mi, orúkọ àwọn tó fọwọ́ kàn án, àti bí wọ́n bá ti sọ fún NDPC. Mo ní kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi, akọ̀wé tuntun ló tẹ̀ ẹ́. Bí wọn kò bá dáhùn, ìwé ẹ̀sùn ló kàn.

N kò ní pe ìyá ọkọ mi lẹ́jọ́. Ojúde Ọba ń bọ̀, aṣọ kan náà ni a jọ fẹ́ wọ̀, mo sì ti san owó tiwọn mọ́ tèmi.